Gbígbé àbùjá ìkànnì sí Desktop gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì

Ẹni tó kọ̀wé sọ pé òun ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà bí 200 ní ọ́fíìsì kan, Windows ni gbogbo wọn ń lò, ọ̀pọ̀ wọn ló sì wà nínú domain kan ṣoṣo (ìyẹn àkójọ kọ̀ǹpútà tí a ń darí láti ibì kan). Àwọn ọ̀gá fẹ́ kí àbùjá (shortcut, ìyẹn àmì tí a ń tẹ̀ láti dé ibì kan kíákíá) sí ìkànnì mẹ́ta wà lójú Desktop gbogbo òṣìṣẹ́: ìkànnì àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè ìsinmi, àti ibi tí wọ́n ti ń fi ẹjọ́ kọ̀ǹpútà sùn. Ó kọ script kan (ìwé àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé fúnra rẹ̀) tó máa ń da àwọn fáìlì náà kọ láti inú fódà kan lórí server, kọ̀ǹpútà tí àwọn yòókù ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, sínú Desktop, nígbàkígbà tí òṣìṣẹ́ bá wọlé sórí kọ̀ǹpútà. Ó ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń rí àbùjá kan náà lẹ́ẹ̀mejì, àwọn mìíràn kò rí nǹkan kan rárá, àmì tó wà lórí tàwọn kan funfun bí ìwé tí a kò kọ nǹkan sí, àwọn tó sì pa á rẹ́ ń rí i tó ń padà wá. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé ọ̀nà wo ló tọ́, àti pé báwo ni òun yóò ṣe kó èyí tó ti wà nílẹ̀ kúrò.

Ìdáhùn mi ní ṣókí ni pé kí ẹ fi script náà sílẹ̀, kí ẹ sì lo apá tí wọ́n ń pè ní Shortcuts nínú Group Policy Preferences, ara Group Policy, irinṣẹ́ Windows tí alábòójútó fi ń ṣètò àwọn kọ̀ǹpútà láti ibì kan, fún gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà nínú domain. Ṣùgbọ́n kì í ṣe script nìkan ló fa wàhálà tí ẹ ń rí. Ohun tó fà á gan-an ni pé kò sí ẹni tó kọ́kọ́ pinnu ẹni tó ni àbùjá náà. Ṣé ti kọ̀ǹpútà ni, tí ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sídìí rẹ̀ yóò bá a níbẹ̀, àbí ti òṣìṣẹ́ ni, tí yóò máa tẹ̀ lé e lọ sórí kọ̀ǹpútà yòówù tó bá wọlé sí? Bí a kò bá dáhùn ìbéèrè yìí kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, irinṣẹ́ tó dára jù lọ pàápàá yóò máa bí irú àbùjá méjìméjì tí ẹ ń rí yìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí. Desktop tí ènìyàn ń rí lójú Windows kì í ṣe fódà kan ṣoṣo. Fódà méjì ni Windows ń pa pọ̀, tó sì ń fi hàn bí ẹni pé ọ̀kan ni. Èkíní jẹ́ ti ẹni tó wọlé, ó sì sábà máa ń wà nínú C:\Users, lábẹ́ orúkọ ẹni náà. Èkejì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn tó ń lo kọ̀ǹpútà náà, C:\Users\Public\Desktop ni, Windows sì fi í pamọ́, tó fi jẹ́ pé ẹ kò ní rí i àyàfi tí ẹ bá ní kí ó máa fi àwọn ohun tó pamọ́ hàn yín. Bí fáìlì kan náà bá wà nínú fódà méjèèjì, àmì méjì tó jọra bí ìbejì ni òṣìṣẹ́ yóò rí, kò sì sí ohun tí yóò sọ fún un pé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Ó dá mi lójú dáadáa pé bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ yín: ẹnì kan ti fi àbùjá náà sínú Public nígbà tí wọ́n ń ṣètò àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn, script yín sì wá ń fi òmíràn sínú Desktop ẹni kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò láìpẹ́. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ àmì kọ̀ọ̀kan, ẹ yan Properties, kí ẹ wo ohun tó wà níwájú Location lójú ewé General. Bí ọ̀kan bá sọ Public, tí èkejì sì sọ orúkọ òṣìṣẹ́, ẹ ti rí orísun wàhálà náà.

Ní ti àwọn tí kò rí nǹkan kan, ibòmíràn ni mo máa kọ́kọ́ wò. Bí ẹ bá ti tan OneDrive (ibi tí Microsoft ń bá ènìyàn tọ́jú fáìlì sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) sílẹ̀ láti máa tọ́jú Desktop àwọn òṣìṣẹ́, tàbí tí Group Policy ti darí Desktop wọn sí orí server, fódà tó ń jẹ́ Desktop nínú C:\Users kì í tún ṣe Desktop wọn mọ́. Script tó bá ń da fáìlì sínú %USERPROFILE%\Desktop ń kó o sínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́. Fáìlì náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú kò lè kàn án. OneDrive tún ní ìṣòro tirẹ̀: ohun tí a bá fi sínú Desktop òṣìṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kan yóò tẹ̀ lé e dé orí èkejì, èyí tó bá sì pa rẹ́ níhìn-ín yóò parẹ́ lọ́hùn-ún. Bí script bá tún fi ẹ̀dà tí nǹkan díẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ síbẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà méjì kí wọ́n tó fi ohùn ṣọ̀kan, OneDrive lè pa méjèèjì mọ́, kí ó sì so orúkọ kọ̀ǹpútà mọ́ ìdí orúkọ ọ̀kan nínú wọn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé àbùjá tó bá jẹ́ ti gbogbo ọ́fíìsì, bí i mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ dárúkọ yìí, inú Public ni kí ẹ fi í sí. OneDrive kì í fọwọ́ kan Public, a kì í darí rẹ̀ lọ sórí server, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló sì ń wà lórí kọ̀ǹpútà kan, iye òṣìṣẹ́ yòówù tó ń lò ó. Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ gbà mọ́ ọn: òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe alábòójútó kò lè pa fáìlì tó wà nínú Public rẹ́, Windows yóò béèrè password alábòójútó lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀gá fẹ́ràn bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ kì í sábà fẹ́ràn rẹ̀. Èmi a máa sọ fún àwọn tó ń bi mí pé ohun tí a bá fi sójú ènìyàn tí kò lè mú un kúrò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ń lò ní tòótọ́, kí ó sì kéré níye. Mẹ́ta kò pọ̀. Bí ó bá di mẹ́wàá, ojú àwọn ènìyàn yóò mọ́ wọn lára, wọn kò sì ní rí ọ̀kankan mọ́. Nígbà tó bá dé ibẹ̀, inú bíráúsà ni kí ẹ kó wọn lọ: Edge àti Chrome ní policy (ìlànà tí alábòójútó ń là sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà) tó ń fi àwọn àdírẹ́sì ọ́fíìsì sínú àkójọ àwọn ààyò gbogbo òṣìṣẹ́, ManagedFavorites ni ti Edge, ManagedBookmarks sì ni ti Chrome.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí àbùjá ìkànnì jẹ́ nínú, nítorí pé ìdajì ohun tó ń dààmú àwọn alábòójútó ni yóò yanjú bí wọ́n bá ṣí i wò lẹ́ẹ̀kan. Fáìlì .url kò ju ìwé kékeré kan lọ, ẹ lè fi Notepad kà á:

[InternetShortcut]
URL=https://portal.example.com/
IconFile=C:\ProgramData\Ofiisi\portal.ico
IconIndex=0

Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀ tó pọn dandan. Ìlà URL ni ibi tó ń lọ, IconFile sì ni ibi tí àmì rẹ̀ wà. Bíráúsà tí òṣìṣẹ́ yàn fún lílò ni yóò ṣí i. Fáìlì .lnk yàtọ̀ ní tirẹ̀: ètò kan lórí kọ̀ǹpútà ló máa ń tọ́ka sí, ẹ sì lè fi àdírẹ́sì ìkànnì sẹ́yìn orúkọ ètò náà. Ẹ lo .url níbi gbogbo, àfi bí ìkànnì náà bá jẹ́ irú èyí tí kì í ṣiṣẹ́ dáadáa àyàfi nínú bíráúsà kan pàtó. Nígbà náà, ẹ ṣe .lnk tó ń pe msedge.exe tàbí chrome.exe, kí àdírẹ́sì sì tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá kọ --app= ṣáájú àdírẹ́sì náà láìfi àyè sílẹ̀, yóò ṣí nínú fèrèsé tirẹ̀ láìsí ibi tí a ń kọ àdírẹ́sì sí, èyí tó dára fún fọ́ọ̀mù tí òṣìṣẹ́ kàn fẹ́ kún kí ó sì jáde.

Ó wá kan iṣẹ́ náà gan-an. Group Policy Preferences wọ inú Windows pẹ̀lú Windows Server 2008, lẹ́yìn tí Microsoft ní ọdún 2006 ra DesktopStandard, ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe é, ó sì ṣì jẹ́ irinṣẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lọ fún irú iṣẹ́ yìí nínú domain. Ẹ ṣí Group Policy Management, ẹ ṣe policy tuntun kan tí kò ní ohun mìíràn nínú ju àwọn àbùjá yìí lọ, kí ẹ sì fún un ní orúkọ tí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ iwájú yóò rí tí yóò mọ ohun tó ń ṣe. Nínú rẹ̀, ẹ lọ sí Computer Configuration, Preferences, Windows Settings, títí dé Shortcuts. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ ibẹ̀, ẹ yan New, kí ẹ sì yan Shortcut. Níwájú Target type, ẹ yan URL. Níwájú Location, ẹ yan All Users Desktop, kì í ṣe Desktop. Ẹ ṣọ́ra gidigidi níbí: ní apá Computer, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, èyí tí Windows ń pè ní SYSTEM, bí ẹ bá sì yan Desktop lásán, Desktop SYSTEM ni yóò wá, tí ẹlẹ́ran ara kankan kì í wò.

Níwájú Action, nǹkan mẹ́rin ni ẹ óò rí, yíyàn láàárín wọn kò sì jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré. Create máa ń ṣe àbùjá náà bí kò bá sí níbẹ̀, bí ó bá sì ti wà, kò ní fọwọ́ kàn án, bí àdírẹ́sì inú rẹ̀ tilẹ̀ ti gbó. Update máa ń ṣe é bí kò bá sí, ó sì máa ń tún ohun tó bá yàtọ̀ ṣe bí ó bá wà. Replace máa ń pa á rẹ́ pátápátá, yóò sì ṣe òmíràn, lójoojúmọ́ ayé, nígbàkígbà tí policy bá tún ara rẹ̀ kà. Delete kò nílò àlàyé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sáré yan Replace nítorí pé ó dún bí èyí tó dáni lójú jù, ṣùgbọ́n Group Policy máa ń tún ara rẹ̀ kà lẹ́yìn bí 90 ìṣẹ́jú, pẹ̀lú àfikún tó lè tó 30 ìṣẹ́jú kí gbogbo kọ̀ǹpútà má baà kọlu server lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ni pé lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan, àmì náà lè ṣẹ́jú lójú òṣìṣẹ́, ó sì lè kúrò níbi tó tò ó sí. Òṣìṣẹ́ tó bá to Desktop rẹ̀ bó ṣe fẹ́, tí nǹkan sì ń sún kúrò láyè rẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, kò ní gbàgbé ẹni tó fà á. Update ni kí ẹ yàn.

Lójú ewé Common, ibi méjì ni kí ẹ kọbi ara sí. Èkíní sọ pé kí wọ́n yọ ohun náà kúrò nígbà tí policy kò bá kan kọ̀ǹpútà náà mọ́. Ó wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, Action yóò di Replace fúnra rẹ̀, ohun tí mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ nípa Replace yóò bẹ̀rẹ̀. Èmi kì í lò ó fún àbùjá tí mo bá fẹ́ kí ó pẹ́. Èkejì sọ pé kí ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó má tún ṣe é mọ́. Èyí ni ìdáhùn sí ẹjọ́ àwọn tí àbùjá ń padà wá bá lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á rẹ́: bí ẹ bá ní àbùjá kan tó jẹ́ ìmọ̀ràn lásán, tí kò pọn dandan, ẹ fi í sí apá User Configuration, kí Location rẹ̀ jẹ́ Desktop, kí ẹ sì fọwọ́ sí ibi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí. Òṣìṣẹ́ tí kò bá fẹ́ ẹ yóò pa á rẹ́, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Bí Desktop wọn bá wà lórí server, ẹ tún fọwọ́ sí ibi tó sọ pé kí iṣẹ́ náà wáyé ní orúkọ ẹni tó wọlé, nítorí pé SYSTEM lè má ní ẹ̀tọ́ láti kọ nǹkan sínú fódà ẹni náà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fọwọ́ sí i bí ibi tí ẹ ń fi àbùjá sí bá jẹ́ Public, nítorí pé òṣìṣẹ́ lásán kò lè kọ nǹkan síbẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò sì dá yín padà pẹ̀lú 0x80070005, tó túmọ̀ sí pé a kò gbà yín láàyè.

Àmì tó ń funfun gba kí n dúró lé e lórí díẹ̀. Ìdí tó wọ́pọ̀ jù ni pé ibi tí policy sọ pé àmì náà wà kò sí lórí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́. Alábòójútó máa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, yóò tẹ bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Icon file path, yóò wá fáìlì náà kàn nínú fódà tirẹ̀, yóò sì yàn án. Ohun tí policy kọ sílẹ̀ ni ibi tí fáìlì wà lórí kọ̀ǹpútà alábòójútó yẹn, kò sì sí irú rẹ̀ níbòmíràn. Ìdí kejì ni pé fáìlì náà kì í ṣe àmì ní tòótọ́: ẹnì kan gba àwòrán PNG, ó sì yí ìparí orúkọ rẹ̀ padà sí .ico. Orúkọ yí padà, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yí padà. Ẹ lo ètò tó ń ṣe .ico gidi, kí ẹ sì fi ìwọ̀n 16, 32, 48 àti 256 sínú fáìlì kan náà, kí àwòrán náà lè mọ́ gaara lójú ẹ̀rọ ńlá àti kékeré.

Àwọn kan máa ń yanjú ti àkọ́kọ́ nípa fífi àmì sórí server, kí gbogbo àbùjá máa tọ́ka síbẹ̀. N kò fara mọ́ ọn. Nígbàkígbà tí Windows bá fẹ́ ya Desktop, yóò gbìyànjú láti kàn sí server náà, bí server bá sì ń falẹ̀ tàbí tí òṣìṣẹ́ bá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sílé, Desktop yóò máa dúró de ohun tí kò sí. Ohun tó dára ni pé kí àmì wà lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Nínú policy kan náà, apá kan wà tó ń jẹ́ Files. Ẹ fi í da àwọn .ico náà kọ láti orí server sínú fódà kan nínú C:\ProgramData, kí IconFile sì máa tọ́ka síbẹ̀. Nígbà tí Computer Configuration bá ń ṣe èyí, orúkọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló fi ń lọ bá server, kì í ṣe orúkọ òṣìṣẹ́, nítorí náà ẹgbẹ́ Domain Computers (gbogbo kọ̀ǹpútà inú domain) gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti ka fódà tí àmì wà. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbàgbé èyí, tí wọ́n sì ń wá àléébù nínú àmì nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀kùn ló tì. Bí àmì bá dé lẹ́yìn tí àbùjá ti wà níbẹ̀, Windows lè ṣì máa fi funfun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ hàn. Kí òṣìṣẹ́ jáde, kí ó sì tún wọlé, ìyẹn sábà máa ń tó.

Ọ̀rọ̀ fódà orí server yìí ló mú mi dé ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lónìí, kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú ìyókù. Ẹ lọ wo àwọn tó ní ẹ̀tọ́ láti kọ nǹkan sínú fódà tí script yín ti ń da àwọn àbùjá kọ. Bí òṣìṣẹ́ lásán bá lè yí ohun tó wà níbẹ̀ padà, ẹnikẹ́ni tó bá gba password òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo lè yí ìlà URL padà sí ìkànnì tó jọ tiyín, kí script yín sì pín in fún gbogbo ọ́fíìsì ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lábẹ́ orúkọ tí gbogbo ènìyàn ti gbẹ́kẹ̀ lé. Kíkà nìkan ni kí ẹ gbà wọ́n láàyè. Bákan náà, ẹ má ṣe fi fáìlì .url ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ nínú í-meèlì, kí ẹ wá ní kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé e sójú Desktop. Outlook kì í jẹ́ kí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wọlé, ó sì ní ìdí: àwọn ọ̀daràn ti ń lò ó, àléébù tí Microsoft sì dí ní oṣù kejì ọdún 2024, CVE-2024-21412, inú irú fáìlì yìí gan-an ló wà.

Ní ti àdírẹ́sì tí ẹ óò kọ sínú àbùjá, ẹ má ṣe kọ orúkọ server tàbí nọ́ńbà IP rẹ̀. Nínú DNS, ìwé orúkọ tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tí ìkànnì wà, ẹ ṣe orúkọ kan tó ń sọ iṣẹ́ tí ìkànnì náà ń ṣe, kí ìwé-ẹ̀rí HTTPS rẹ̀ sì mọ orúkọ náà. Lọ́jọ́ tí ìkànnì bá kó lọ sórí server mìíràn, DNS nìkan ni ẹ óò tún ṣe, igba àbùjá yóò sì wà bó ṣe wà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fi àdírẹ́sì náà pamọ́ sínú bíráúsà wọn kò ní sọnù pẹ̀lú.

Bí ó bá ṣe pé àwọn ẹ̀ka kan nìkan ló yẹ kó rí àbùjá kan, Item-level targeting lójú ewé Common yóò jẹ́ kí ẹ yan ẹgbẹ́, OU (ìpín kan nínú domain), àdírẹ́sì IP tàbí irú Windows tó kàn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju kí ẹ máa ṣe policy ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá yàn láti lo Security Filtering, ibi tí a ti ń yan àwọn tí policy kàn, dípò rẹ̀, ẹ rántí pé láti oṣù kẹfà ọdún 2016, nígbà tí àtúnṣe MS16-072 jáde, orúkọ kọ̀ǹpútà ni Windows fi ń lọ ka policy àwọn òṣìṣẹ́ pàápàá. Ẹni tó bá yọ Authenticated Users (gbogbo òṣìṣẹ́ àti kọ̀ǹpútà tí domain mọ̀) kúrò, tó sì fi ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀, ti ti kọ̀ǹpútà síta, policy náà kò sì ní dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ dá Authenticated Users tàbí Domain Computers padà lójú ewé Delegation pẹ̀lú ẹ̀tọ́ kíkà nìkan, láìfi ẹ̀tọ́ Apply kún un.

Ẹ sọ pé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà yín ló wà nínú domain, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn kan kò sí níbẹ̀. Bí Intune (iṣẹ́ Microsoft tí a fi ń ṣàkóso kọ̀ǹpútà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì) ló ń ṣàkóso àwọn yẹn, wọn kò ní Group Policy, ẹ̀yin ni yóò fi PowerShell, èdè àṣẹ Windows, kọ fáìlì náà. Ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ tó wà níta máa ń lo WScript.Shell, irinṣẹ́ kan nínú Windows, láti ṣe .url, ṣùgbọ́n irú àbùjá tó ń ṣe fún ìkànnì kò ní ibi tí ẹ lè kọ àmì sí. Àdírẹ́sì nìkan ló mọ̀. Nítorí pé ìwé lásán ni .url, ẹ lo Set-Content láti kọ àwọn ìlà mẹ́rin tí mo fi hàn lókè sínú $env:PUBLIC\Desktop, yóò sì pé. Ẹ dì í bí Win32 app (irú ètò tí Intune lè fi sórí kọ̀ǹpútà, tó sì lè yọ kúrò) dípò kí ẹ kàn gbé script sókè, kí ẹ fi wíwà tí fáìlì náà wà ṣe ẹ̀rí pé ó ti wọlé, kí ẹ sì kọ àṣẹ tí yóò pa á rẹ́ sí ibi ìyọkúrò. Script lásán máa ń ṣiṣẹ́ tán, kò sì ní ọ̀nà tí yóò fi tún ohun tó ṣe ṣe padà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìkànnì náà rí bí app gidi, policy WebAppInstallForceList nínú Edge tàbí Chrome lè fi í sórí kọ̀ǹpútà, kí ó sì fi àmì rẹ̀ sójú Desktop fúnra rẹ̀.

Kí ẹ tó tú u síta fún gbogbo ènìyàn, ẹ so policy náà mọ́ OU kan tí kọ̀ǹpútà díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣe gpupdate /force, àṣẹ tó ń mú kí kọ̀ǹpútà ka policy lójú ẹsẹ̀, lórí ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ sì fi gpresult /h kọ ìròyìn sínú fáìlì HTML. Ó máa fi hàn bóyá policy dé ibẹ̀, tàbí pé nǹkan kan dí i. Bí policy bá dé ṣùgbọ́n tí àbùjá kò hàn, ẹ ṣí Event Viewer, kí ẹ wo Application fún ohun tí Group Policy Shortcuts bá kọ síbẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo níbẹ̀ sábà máa ń sọ ohun tí a ì bá fi wákàtí gbáko wá. Kọ̀ǹpútà tó wà nílé òṣìṣẹ́ tí kò sí lórí VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó so ó mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì) kò ní gba ohunkóhun títí yóò fi tún rí domain, ṣùgbọ́n ohun tó ti gbà tẹ́lẹ̀ kò ní kúrò.

Ó ku kíkó ti àtijọ́ kúrò. Ẹ kọ́kọ́ dá script náà dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa dá padà ohun tí ẹ ń kó. Lẹ́yìn náà, nínú policy mìíràn ní apá User Configuration, ẹ ṣe àbùjá mẹ́ta tí Action wọn jẹ́ Delete, tí Location wọn jẹ́ Desktop, kí orúkọ àti Target type wọn sì bá ti àtijọ́ mu délẹ̀délẹ̀. Orúkọ ni Windows fi ń mọ fáìlì, nítorí náà bí script yín bá ti lo orúkọ méjì ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Delete méjì ni ẹ nílò. Ohun kan náà ló fà á tí yíyí orúkọ àbùjá padà nínú policy fi máa ń bí àbùjá kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Fún fódà àtijọ́ inú C:\Users tí OneDrive ti fi sílẹ̀, ẹ fi apá Files pa wọ́n rẹ́ ní %USERPROFILE%\Desktop, kí ẹ sì fọwọ́ sí ibi tó sọ pé kí iṣẹ́ náà wáyé ní orúkọ ẹni tó wọlé. Ní ti èyí tí wọ́n ti fi sínú Public nígbà ìṣètò, bí orúkọ rẹ̀ bá jọ ti tuntun, Update yóò gbà á, yóò sì tún un ṣe. Bí kò bá jọ ọ́, ẹ fi Delete tirẹ̀ kún policy apá Computer. Ẹ jẹ́ kí àwọn Delete yìí wà níbẹ̀ fún oṣù díẹ̀, kí àwọn kọ̀ǹpútà tí a kì í sábà tàn lè bá wọn pàdé, kí ẹ tó yọ wọ́n.